Okùn Tàbí Agbọ̀n? Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Gígé Igi Eléwu ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1927–2020

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìkìlọ̀ nípa ìgbésí ayé ẹ̀dá ni òwe náà, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e karí iṣẹ́ àwọn tí ń gé igi ńlá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Igi tí ó ti kú lórí ìdúró, tí ó fi ara ti òrùlé ilé, tàbí tí ẹ̀ka rẹ̀ nà sórí títì, kò ṣeé gé lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ni a ti ń gé e wá sílẹ̀, ẹ̀ka lẹ́yìn ẹ̀ka, kí a tó kan ìtí rẹ̀. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ẹnìkan gbọ́dọ̀ dé òkè igi náà. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó wà: kí ó fi okùn àti ìgbànú gun igi náà, tàbí kí ó dúró nínú agbọ̀n onírin tí ẹ̀rọ kan fi apá rẹ̀ gbé lọ sókè. Ẹ̀rọ agbéniròkè ni iṣẹ́ yìí yóò máa pe ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìtàn ìlọsíwájú ni ìtàn ọ̀nà méjèèjì. Wọ́n ní okùn ni ti àtijọ́, ẹ̀rọ ni ti òde òní, àti pé bí owó àti ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni èkejì ń gba ipò lọ́wọ́ èkíní. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ èrò náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè kan náà ti wà lẹ́yìn yíyàn yìí: kí ni yóò gbé ìwúwo ènìyàn ró, ṣé igi ni tàbí ilẹ̀? Ìdáhùn ni ó ń yí padà. Ohun tí ó sì ń yí i padà jù lọ kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ, bí kò ṣe àrùn tí ń bá igi jà, àti ìdádúró àwọn tí wọ́n ni igi.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, àrùn ńlá méjì kọlu igi ibẹ̀, wọ́n sì fi ipá mú àwọn agégi láti tún ìbéèrè náà bi ara wọn. Amẹ́ríkà yóò wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ ibẹ̀ bá ti kan iṣẹ́ náà.

2. Ohun tí okùn gbẹ́kẹ̀ lé

Ẹni tí ó bá ti rí akọ̀pẹ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní pẹ́ lóye ohun tí gígun igi jẹ́. Akọ̀pẹ a fi igbà yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, a fi ẹ̀yìn ti igbà, a sì fi ẹsẹ̀ ti ara ọ̀pẹ. Igbà àti ọ̀pẹ ni wọ́n jọ gbé e ró. Bí igbà bá dára tí ọ̀pẹ sì ti jẹrà nínú, kò sí ohun tí igbà lè ṣe. Ọgbọ́n àwọn agungi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ díẹ̀. Wọn a gbé okùn gba orí ibi tí ẹ̀ka ńlá gbé yà kúrò lára igi, okùn náà a sì padà wá sí ìgbànú wọn. Wọn a ta kókó kan sí i, tí ó lè yọ̀ bí wọ́n bá fi ọwọ́ tì í, ṣùgbọ́n tí yóò fún pinpin ní kété tí ìwúwo ara bá bọ́ sórí rẹ̀. Ọ̀kan tí ó lókìkí nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Karl Prusik, agunkè ọmọ ilẹ̀ Austria, ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 1931. Àwọn agunkè ni ó ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn agungi náà sọ ọ́ di tiwọn.

Kí ìtọ́jú igi tó di iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ baba ni ọmọ ti ń kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yí èyí padà ni John Davey, tí a bí ní Somerset ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1846, tí ó sì ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Ìlú Kent ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ó fi ṣe ibùjókòó. Ní ọdún 1901 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní The Tree Doctor, èyí tí ó túmọ̀ sí oníṣègùn igi. Ní ọdún 1909 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ilé ẹ̀kọ́ kan sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1923. Ohun pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé igi jẹ́ ohun alààyè tí a lè tọ́jú. Láti inú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni òfin iṣẹ́ kan ti fìdí múlẹ̀, pé kí agungi má ṣe fi irin ṣóńṣó tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ gun igi tí yóò wà láàyè, nítorí pé ọgbẹ́ tí irin náà ń dá sí i lára lè di ẹnu ọ̀nà àrùn. Igi tí a fẹ́ mú kúrò pátápátá nìkan ni wọ́n lè fi í gùn.

Àǹfààní okùn pọ̀. Ohun èlò rẹ̀ fúyẹ́. Ó lè wọ ẹ̀yìnkùlé tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, ó lè gun orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Agungi lè rìn láàárín ẹ̀ka, kí ó sì fi ọwọ́ kan ohun tí ó fẹ́ gé. Ṣùgbọ́n àléébù kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé yọ kúrò: igi kan náà tí a fẹ́ mú kúrò ni a tún fi ṣe àkàsọ̀. Bí agungi ṣe ń gé igi náà ni ó ń dín ohun tí ó so ara rẹ̀ mọ́ kù. Nígbà tí ayùn ẹlẹ́ńjìn tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbé sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ náà yára sí i, ṣùgbọ́n ewu mìíràn wọ inú rẹ̀, nítorí pé ayùn tí ń gé igi lè gé okùn pẹ̀lú.

3. Àrùn igi elm

Igi elm jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi tí a fi ń mọ ìrísí ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí oko, ẹ̀bá ọ̀nà àti àgbàlá ilé ìjọsìn ni ó pọ̀ sí. Àrùn tí ó pa á ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ilẹ̀ wọn fi lẹ̀ mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀. Ohun abẹ̀mí kan tí ó jẹ́ ẹbí olú ni ó ń fà á. Kòkòrò kékeré tí ń gbé abẹ́ èèpo igi ni ó ń gbé e kiri. Bí ó bá wọ inú igi, ó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sókè, igi náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ọdún 1927 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1930 ni wọ́n sì rí i ní Amẹ́ríkà. Ìkọlù àkọ́kọ́ yìí pa igi, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn rù ú là. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dé pẹ̀lú gẹdú tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà ti Àríwá. Kí àwọn ọdún 1980 tó parí, igi elm tí ó ti kú ju mílíọ̀nù 20 lọ.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Èkíní ni pé inú oko ni púpọ̀ nínú igi náà wà, ilẹ̀ ni a sì ti gé àwọn bẹ́ẹ̀ lulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó nílò àtigun wọ́n. Àwọn tí ó wà nítòsí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti títì ni ó di ìṣòro. Elm tí ara rẹ̀ yá pàápàá ti ní orúkọ burúkú láàárín àwọn agégi nítorí pé ó lè já ẹ̀ka ńlá sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Elm tí ó ti kú, tí èèpo rẹ̀ ti ń ṣí, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì ti gbẹ, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka tí agungi ìbá fi ṣe ibi ìsokùn lè wà níbẹ̀ lójú láìní agbára kankan nínú.

Èkejì ni ti àsìkò. Igi tí ó ń kú pọ̀ ju ọwọ́ tí ó wà láti gé wọn lọ, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn dúró ní òkú fún ọdún púpọ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní agbára láti pàṣẹ kí a gé igi tí ó ní àrùn. Ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ líle mú àṣẹ náà, tí wọ́n sì ń gé igi ní kété tí àmì àrùn bá hàn, èso rẹ̀ ṣì wà títí di òní. Brighton, ìlú etí òkun ní gúúsù, ni àpẹẹrẹ tí a mọ̀ jù: ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi elm ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí a sábà máa ń rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ Brighton ni ti gbígba igi là. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà mẹ́nu kàn. Igi tí a tètè gé, nígbà tí ẹ̀ka rẹ̀ ṣì lágbára, ni ó ṣeé gun jù. Ìdádúró kì í pa igi nìkan, ó tún ń pa ọ̀nà tí a lè gbà dé òkè rẹ̀.

4. Ẹ̀rọ agbéniròkè

Kì í ṣe nítorí igi eléwu ni wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ nípa rẹ̀ ni pé Jay Eitel, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ronú kàn án ní ọdún 1944, nígbà tí gígun àkàsọ̀ láti ká èso ṣẹ́rì sú u. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di òní ṣì túmọ̀ sí ẹni tí ń ká ṣẹ́rì. Láti inú ọgbà eléso, ẹ̀rọ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń tún wáyà tẹlifóònù àti ti iná mànàmáná ṣe, láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gé ẹ̀ka igi kúrò lára wáyà. Ibi tí ẹ̀rọ náà ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ walẹ̀ nínú iṣẹ́ igi, nígbà náà, ni ẹ̀bá títì, ibi tí ilẹ̀ ti le, tí ọkọ̀ sì ti lè dé ìdí igi.

Àǹfààní rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó mú ìgbẹ́kẹ̀lé kúrò lára igi, ó sì gbé e lé ilẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú agbọ̀n kò bìkítà bí ẹ̀ka bá ti jẹrà, nítorí kò so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó lè gé ẹ̀ka tí kò sí ẹni tí yóò gbà láti dúró lé.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà lè dani. Ní òru ọjọ́ 15 sí 16 oṣù kẹwàá ọdún 1987, ìjì ńlá kan wó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 igi ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn 18 ni ó kú ní orílẹ̀-èdè náà. Lára ohun tí ó mú kí igi wó tó bẹ́ẹ̀ ni pé òjò ti rọ̀ púpọ̀ ṣáájú, ilẹ̀ ti rọ̀, ewé sì ṣì wà lórí àwọn igi. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn kedere pé ilẹ̀ rírọ̀ tí kò lè di gbòǹgbò mú kò lè gba ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró pẹ̀lú. Ẹ̀rọ agbéniròkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá rì lè dojú dé pẹ̀lú ẹni tí ó wà lókè.

Ewu mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò nígbà tí ẹ̀rọ ń rìn, tàbí bí ẹ̀ka bá kọlu apá rẹ̀, apá náà lè mì tìtì, kí ó sì fi ènìyàn sọ̀kò jáde bí ọta kànnàkànnà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so ẹni tí ó wà nínú agbọ̀n mọ́ agbọ̀n náà pẹ̀lú okùn kúkúrú. Apá onírin lè fara kan wáyà iná. Ìtí tí a gé lè já lé agbọ̀n lórí, nígbà tí agbọ̀n kò sì lè yà fún un bí agungi tí ń fò lórí okùn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní ọdún 1998 lórí ohun èlò tí ń gbé nǹkan sókè béèrè pé kí a máa yẹ èyí tí ń gbé ènìyàn wò fínnífínní ní oṣù 6 sí 6. Kò sí òfin tí ó ń yẹ ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà dúró lé wò fún ni; ojú ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò ṣe é.

Láti dín ìṣòro ibi tóóró kù, wọ́n ṣe irú ẹ̀rọ kan tí ó kéré, tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n rọ́bà rìn, tí ó sì ń na ẹsẹ̀ mẹ́rin gígùn bí ó bá dé ibi iṣẹ́. Aláǹtakùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ó lè gba ẹnu géètì kékeré wọ ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí a ti lè lo ẹ̀rọ fẹ̀ sí i nípasẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn òkúta, ilẹ̀ àbàtà àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó ga jù ṣì jẹ́ ààlà fún un.

5. Òfin lẹ́yìn ikú

Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ikú ni òfin ti sábà máa ń dé. Ní Amẹ́ríkà, ìyá kan ní ìpínlẹ̀ New York pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́ gígé ẹ̀ka igi. Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé kò sí ìlànà kankan tí ó sọ bí a ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ náà láìséwu. Ẹ̀bẹ̀ tí ó kọ ni ó mú kí wọ́n kó ìgbìmọ̀ jọ ní ọdún 1968, ìlànà tí a ń pè ní Z133 sì jáde ní ọdún 1972. Ìlànà náà kan okùn, ó kan ẹ̀rọ, ó sì kan iná mànàmáná. Ohun tí ó yẹ kí òpìtàn fiyè sí ni pé kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè fún un, bí kò ṣe ìyá ọmọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1974 lórí ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó kan yíyàn àárín okùn àti agbọ̀n gbọ̀ngbọ̀n ni ti iṣẹ́ orí òkè, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2005 lẹ́yìn àṣẹ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ẹnu kò sí ní ọdún 2001. Òfin yìí to ọ̀nà iṣẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Èkíní, bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má gun òkè rárá. Èkejì, bí kò bá ṣeé ṣe, kí a lo ohun tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn jábọ́. Ẹ̀kẹta, bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, kí a lo ohun tí yóò dín jíjábọ́ àti oró rẹ̀ kù. Ó tún ní kí a fi ohun tí ń dáàbò bo gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú ohun tí ń dáàbò bo ẹnìkan. Òfin náà mú agbanisíṣẹ́, ó sì mú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀.

Bí a bá ka ètò yìí láìfara balẹ̀, ó dà bí ẹni pé agbọ̀n ni yóò máa borí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n òfin náà kò lé okùn jáde. Ó gbà á láyè lábẹ́ àdéhùn, pàápàá pé kí okùn jẹ́ méjì tí a so sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àfi bí ìgbéyẹ̀wò ewu bá fi hàn pé okùn kejì yóò dá kún ewu. Fún ọdún púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ agungi fi rọ̀ mọ́ okùn kan, tí wọ́n sì ń fi okùn kúkúrú kejì ti ara wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé nǹkan. Wọ́n ní okùn méjì a máa lọ́ mọ́ra láàárín ẹ̀ka. Ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ Arboricultural Association gbé jáde ní ọdún 2020 sọ okùn méjì di àṣà tí a retí. Ọ̀pọ̀ agungi kùn sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìlànà náà dáhùn ìbéèrè tí ó ti wà láti ìgbà elm: bí ibi ìsokùn kan bá dani, kí ni ó kù?

6. Igi ash

Ìkọlù kejì ni ó mú kí ìbéèrè yìí di ti ojoojúmọ́. Igi ash ní okìkí fún agbára. Igi rẹ̀ kì í tètè ṣẹ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ń ṣe èèkù àáké àti ti ohun èlò mìíràn láti ìgbà láéláé. Àwọn agungi fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣàkíyèsí ní ilẹ̀ Poland pé igi ash ń kú láti orí wá sílẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀gbìn àti nínú igbó pẹ̀lú. Ẹbí olú ni ohun tí ń fa èyí náà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri, kì í ṣe kòkòrò. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé ó lè pa tó ìdá 80 nínú 100 igi ash orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2019 àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ará Yunifásítì Oxford wà lára wọn, ṣírò pé àdánù rẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 15 pọ́n-ùn, kí bílíọ̀nù 7 nínú rẹ̀ sì bọ́ sáàárín ọdún 10 àkọ́kọ́.

Ohun tí àrùn yìí ṣe sí iṣẹ́ agungi le ju ohun tí ti elm ṣe lọ. Ash tí ń kú kì í gbẹ lásán. Igi rẹ̀ a máa di ohun tí ń ṣẹ́ bí ìgò. Ẹ̀ka tí ó dà bí ẹni pé ó lágbára lè já nígbà tí ayùn bá kàn mì ín. Olú mìíràn a tún máa jẹ ìdí àti gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, tí igi náà a fi lè wó odindi láìfi àmì hàn lókè. Irú ìrírí kan náà ni àwọn agégi ní Amẹ́ríkà ti ní láti ìgbà tí wọ́n ti rí kòkòrò kan tí ń pa ash nítòsí Detroit ní ọdún 2002.

Láti ran àwọn tí wọ́n ni igi lọ́wọ́, wọ́n pín igi ash sí ìsọ̀rí 4 gẹ́gẹ́ bí iye ewé tí ó kù ní orí rẹ̀. Ìsọ̀rí kìíní ni èyí tí ewé rẹ̀ kù ju ìdá 75 nínú 100 lọ. Ìkejì wà láàárín 75 àti 50. Ìkẹta wà láàárín 50 àti 25. Ìkẹrin ni èyí tí ó kù tí kò tó 25. Ìmọ̀ràn tí ó jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ igbó ni pé kí a lo ẹ̀rọ ńlá tí ń gé igi láti ilẹ̀ bí ó bá lè dé ibẹ̀. Bí kò bá lè dé ibẹ̀, kí a lo ẹ̀rọ agbéniròkè. Kí gígun sì jẹ́ ohun ìkẹyìn. Níhìn-ín ni àrùn ti fìdí ètò òfin ọdún 2005 múlẹ̀. Òfin ní kí a má gùn bí a bá lè yẹra fún un. Igi ash fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má gun òun.

7. Àríyànjiyàn àwọn oníṣẹ́

Ẹ̀hónú tí àwọn agungi gbé dìde sí ẹ̀rọ kò yẹ ní kíkẹ́gàn. Èkíní, wọ́n ní bí a bá gbé gbogbo iṣẹ́ fún ẹ̀rọ, ìmọ̀ gígun yóò kú, àwọn igi tí ẹ̀rọ kò lè dé yóò sì wà láìní ẹni tí yóò gé wọn. Òtítọ́ ni èyí. Aláǹtakùn kò lè gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Èkejì, wọ́n ní ẹ̀rọ ń fún ẹni tí kò mọ igi ní ìgboyà láti dé òkè rẹ̀. Òtítọ́ ni èyí náà, nítorí pé mímọ ibi tí ìtí yóò já sí kò sí nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní okùn ti gbé àwọn láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì dà wọ́n.

Ẹ̀kẹta yìí ni kò dúró. Okùn kọ́ ni ó gbé wọn, igi ni. Igi tí ó gbé baba wọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń bá pàdé lónìí. Ọ̀rọ̀ ìdóòlà mú èyí ṣe kedere. Ìlànà iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá gun igi, àti pé ẹnìkejì tí ó lè gùn ún láti gba ẹni tí ó fara pa sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ìlànà rere ni fún igi tí ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti já ẹni àkọ́kọ́ kulẹ̀, inú igi kan náà ni ẹni tí ń bọ̀ wá dóòlà rẹ̀ yóò so okùn rẹ̀ mọ́. Igi tí a kò lè rán olùdóòlà gùn kò yẹ kí a ti rán ẹni àkọ́kọ́ gùn. Èyí jẹ́ òṣùwọ̀n tí ó péye ju owó lọ, ó sì péye ju ìgboyà lọ.

Ti owó náà kò ṣeé fojú fò. Ẹ̀rọ agbéniròkè ń gba owó ìháyà, ó ń gba àyè, nígbà mìíràn ó ń béèrè kí a ti títì pa. Ẹni tí ó ni igi a máa wo iye tí agungi béèrè, a wo iye tí ẹ̀rọ yóò gbà, a sì rò pé ohun kan náà ni òun fẹ́ rà ní iye méjì. Kì í ṣe ohun kan náà. Nínú èyí tí ó pọ̀, owó ni a fi san ewu náà. Nínú èyí tí ó kéré, bí igi bá ti kú, ara agungi ni a fi ń san ìyókù.

Ibi tí ìdádúró wọ inú ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹni tí ó ni igi ash tí ó wà ní ìsọ̀rí kejì lè yàn láàárín okùn àti agbọ̀n. Bí ó bá dúró títí ó fi bọ́ sí ìsọ̀rí kẹta, agbọ̀n ni ó kù, bí ilẹ̀ bá gbà á. Bí ó bá di ìsọ̀rí kẹrin ní ibi tí ẹ̀rọ kò lè dé, kò sí ọ̀nà rere kankan mọ́, àfi kí a lé àwọn ènìyàn jìnnà sí abẹ́ rẹ̀, tàbí kí a jẹ́ kí ó wó lu ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀. Bí ewé ṣe ń dín kù ni yíyàn ń dín kù. Àwọn ará Brighton mọ èyí nípa elm ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ni igi ash kò rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2012.

8. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni ìtàn yìí fi hàn. Èkíní, ẹ̀rọ agbéniròkè kò lé okùn kúrò nídìí iṣẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fún àwọn agégi ní ohun mìíràn láti gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí igi kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ohun náà sì ni ilẹ̀, tí òun pẹ̀lú ní àrùn tirẹ̀. Èkejì, òfin tẹ̀lé ikú. Láti inú ìbànújẹ́ ìyá kan ni ìlànà Z133 ti jáde, kì í ṣe láti inú ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, a kì í yan láàárín okùn àti agbọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. A ti yàn án ṣáájú, ní ọdún tí àmì àrùn kọ́kọ́ hàn, nígbà tí ẹni tí ó ni igi wo òkè, tí ó sì pinnu bóyá kí òun pe agégi tàbí kí òun dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Bí a bá fi ojú yìí wo òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé òkèèrè tí ó ń sọ kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan, ó jẹ́ ti àkókò pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá wo igi rẹ̀ láti òkèèrè yóò rán ọmọ ọlọ́mọ lọ wò ó nítòsí.